Ẹni tó ń jà fún wa ti wọ ọ́fíìsì, àwa ńkọ́?

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mo máa ń ka abala lẹ́tà yìí dáadáa, mi ò kàn kọ̀wé sí i rí ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lẹ́nu ọjọ́ ti pẹ́, torí gbogbo ibi tí mo bá yíjú sí ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn tó ń jà fún àdúgbò, tọ́wọ́ wọn bá ti tẹ ipò báyìí, ó ti parí nìyẹn, ẹnu tí wọ́n fi ń pariwo fún wa náà ni wọ́n á fi máa jẹun. Mi ò ní pè é nírọ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé torí oúnjẹ gan-an ni wọ́n ṣe ń pariwo láti ìbẹ̀rẹ̀, a mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ tẹnu tèmi náà, torí ọ̀kan nínú wọn ṣojú mi kòró, kódà èmi ni akọ̀wé ẹ̀.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò wa. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan ni alága, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Kò sẹ́ni tó yàn án nígbà tó bẹ̀rẹ̀, bí eré bí eré ni. Gọ́tà kan wà lójú títì wa tó ti dí pa, tójò bá ti fẹ́ rọ̀ báyìí ọkàn kálukú á ti máa já, torí inú yàrá lomi ń bọ̀. Gbogbo wa la ń ráhùn. Àwa ọkùnrin á dúró sẹ́nu ọ̀nà, a ó bú ìjọba bó ṣe yẹ ká bú u, a ó wọlé lọ sùn. Òun ò bú ẹnì kankan. Ó ra ìwé kékeré kan, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń béèrè pé ọjọ́ wo lomi wọlé yín, ibo ló dé lára ògiri, kí ló bá a lọ, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó tún ń ya fọ́tò ògiri. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, mi ò ní purọ́, a ní ṣé ó fẹ́ ka iye ẹja tó wà nínú omi ni.

Ìgbà tó máa wá lọ sí káńsù kò dá lọ. Àwa mọ́kànlélógún ló kó dání, pẹ̀lú bàbá àgbà kan tó ń fọ̀pá rìn. Ọ̀gá tó gbà wá lálejò ní a ti gbọ́, ẹ fi ìwé yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ. Ó ní ẹ ṣé sà, ṣùgbọ́n ẹ bá wa fọwọ́ sí ẹ̀dà tiwa pé ẹ ti gbà á, kẹ́ ẹ kọ déètì síbẹ̀. Mo rò ó lọ́jọ́ yẹn pé kí ni gbogbo èyí, ṣé ọwọ́ tí wọ́n fi sí ìwé ló máa kó ìdọ̀tí inú gọ́tà. Àfi lóṣù karùn-ún tí ẹlòmíì gbapò ọ̀gá yẹn, tíyẹn ní kò sóhun tó jọ ọ́ ní fáìlì òun, a ò wá rí. Ẹ̀gbọ́n wa kàn ṣí báàgì. Oṣù mẹ́rìnlá ló gbà wá, ìgbà mọ́kànlá la lọ síbẹ̀, wọ́n sì ṣe gọ́tà náà.

Mo ṣàlàyé èyí gùn torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ohun táwọn èèyàn máa ń rí lára ajàfẹ́tọ̀ọ́ ni ariwo, máìkì lọ́wọ́, fọ́tò nínú ìwé ìròyìn. Bẹ́ẹ̀ ìwé kékeré yẹn niṣẹ́, kíkan ilẹ̀kùn niṣẹ́, àti pé kó o mú èèyàn dání.

Ẹ wo Barack Obama. Kí ayé tó mọ̀ ọ́n, láàárín 1985 sí 1988, iṣẹ́ tó ń ṣe ní Chicago ni pé kó máa lọ bá àwọn èèyàn nílé, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kó máa bi wọ́n pé kí ló ń dùn yín. Ọ̀wọ́ ilé kan tí ìjọba kọ́ fáwọn èèyàn wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Altgeld Gardens, àwọn tó ń gbébẹ̀ ló gbèjà nítorí asbestos tó wà lára ilé wọn, nǹkan tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kì í ṣe ìjà tó gbayì lójú ayé. Ó kúrò níbẹ̀ lọ kọ́ òfin, ó sì di 1997 kó tó jókòó nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ Illinois. Nígbà tó tún ní òun fẹ́ lọ sí ti ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 2000, Bobby Rush nà án ní ànàdákú, bẹ́ẹ̀ Rush yìí fúnra ẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Black Panther, ẹgbẹ́ tó ń jà fẹ́tọ̀ọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, sílẹ̀ ní Illinois lọ́dún 1968 ni. Ajàfẹ́tọ̀ọ́ na ajàfẹ́tọ̀ọ́ nìyẹn, ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ká padà sílé. Èyí tó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀ ni ti ìyá wa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti l'Abẹ́òkúta, mo sì máa ń bínú pé ohun tí ọ̀pọ̀ mọ̀ nípa wọn ò ju pé ìyá Fẹlá ni wọ́n. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ jẹ́jẹ́, kí wọ́n máa kọ́ra wọn níṣẹ́ ọwọ́ àti ìtọ́jú ilé. Àwọn ìyá ọlọ́jà ló wá bá wọn pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbẹ́sẹ̀ lé ìrẹsì àwọn, ẹgbẹ́ sì bá wọn dá sí i títí ìyẹn fi dúró. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ìjà gidi wà nílẹ̀. Látọdún 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, lọ́tọ̀ sí tọkọ wọn, ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15 ti wà nínú ẹ̀, ọmọkùnrin sì rèé, ó di 16. Nígbà tó di 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ló lọ tẹ́ ara wọn sílẹ̀ síwájú ààfin. Oṣù kìíní 1949 ni Aláké Ademọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀, ó di ìparí 1950 kí ọba tó padà sórí ìtẹ́.

Àwọn obìnrin rí àyè jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó wá ń ṣàkóso ìlú lẹ́yìn ẹ̀, ìyá wa sì wà lára wọn, nǹkan ńlá nìyẹn nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ sílé aṣòfin. Wọ́n díje lọ́dún 1951, wọn ò wọlé. Lọ́dún 1959 ẹgbẹ́ òṣèlú wọn, NCNC, kọ̀ láti fi wọ́n sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdíje, wọ́n wá dá dúró fúnra wọn, wọn ò tún wọlé. Ìjà tó mú ọba fi ìtẹ́ sílẹ̀ ò gbé wọn dé ilé aṣòfin! Mo ti ro èyí títí. Èrò tó wà níwájú ààfin àti èrò tó wà nínú àpótí ìbò, wọn kì í ṣe nǹkan kan náà, ọwọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú ni kọ́kọ́rọ́ wà, ẹni tó bá sì ti ń bá àwọn àgbààgbà jà láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ta ni ó fún un ní kọ́kọ́rọ́?

Wangari Maathai ní Kẹ́ńyà náà fojú winá. Lọ́dún 1977 ló dá ẹgbẹ́ Green Belt sílẹ̀, igi méje péré ni wọ́n kọ́kọ́ gbìn lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin oko ló ń gbìn ín, wọ́n sì ń fún wọn lówó díẹ̀ lórí èyí tó bá yè. Ẹ ṣàkíyèsí o, èyí tó bá yè, kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn rì mọ́lẹ̀ fún fọ́tò. Lọ́dún 1982 ó ní òun fẹ́ lọ sílé aṣòfin. Ó ní láti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní yunifásítì kó tó lè díje. Ọjọ́ pé, wọ́n ní kò lè díje mọ́, pé kò tún orúkọ ẹ̀ fi sílẹ̀ nínú ìwé àwọn olùdìbò bó ṣe yẹ. Ó sáré padà sí yunifásítì, wọ́n láwọn ti rí ẹlòmíì. Wọ́n tún lé e kúrò nínú ilé tí wọ́n fún un. Lẹ́ẹ̀kan náà, kò níṣẹ́, kò nílé, kò sí lórí ìwé ìdìbò. Lọ́dún 1989 òun náà ló wà nídìí bí wọn ò ṣe rí ilé gogoro alájà 60 kọ́ sínú ọgbà Uhuru ní Nairobi. Ó tún jáde lọ́dún 1997, ó fìdí rẹmi. Ó di 2002 kó tó wọlé ní ẹkùn ìdìbò Tetu, ìbò tó sì ní tó nǹkan bí 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Ogún ọdún gbáko láti ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n fi í ṣe igbákejì mínísítà ètò àyíká lọ́dún 2003, ẹ̀bùn Nobel tẹ̀ lé e lọ́dún 2004. Ó dà bíi pé ìtàn ti parí síbi tó dùn, àbí? Lọ́dún 2007 ẹgbẹ́ òṣèlú ẹ̀ ò fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì, ó gba inú ẹgbẹ́ kékeré kan jáde, kò wọlé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ṣebí ajàfẹ́tọ̀ọ́ ni, ìlú á gbé e wọlé, ẹ máa rántí ọ̀rọ̀ Tetu yìí. Lech Wałęsa tó jẹ́ òṣìṣẹ́ iná mànàmáná níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Poland, tó kó àwọn òṣìṣẹ́ sẹ́yìn bá ìjọba jà, tó di ààrẹ lọ́dún 1990, nígbà tó fi máa tún jáde lọ́dún 2000 kò rí ju nǹkan bí ìbò kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìjà lásán kì í gbé èèyàn pẹ́ lórí àga, iṣẹ́ àga yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ẹ̀gbọ́n wa. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ gọ́tà yẹn, àwa la lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó wá díje sípò káńsẹ́lọ̀. Ó kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n. A ní ìwọ ṣáà ti wá, a wà lẹ́yìn ẹ. Ó wá, ó wọlé, a jó, a yọ̀. Ìpàdé tá a ṣe tẹ̀ lé e, èèyàn mẹ́tàdínlógójì ló wá. Oṣù kejì, mọ́kàndínlógún. Oṣù karùn-ún, a ò ju mẹ́rin lọ, àtèmi àtẹni tó ni pálọ̀. Kò sẹ́ni tó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ tìbínú tìbínú o, ṣe ni kálukú rò ó pé a ti lẹ́nìkan níbẹ̀ báyìí, kí la tún ń ṣèpàdé fún.

Fóònù ẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bá mi wáṣẹ́ fọ́mọ mi, bá mi pe DPO, ọ̀rọ̀ àbúrò mi wà nílẹ̀ níbì kan, dákun bá mi dá sí i. Èmi náà pè é, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ ìwé kan tí mo fẹ́ kí wọ́n tètè fọwọ́ sí fún mi ni. Nínú gbogbo àwa tá à ń pè é, kò sẹ́nì kankan tó béèrè bọ́jẹ́ẹ̀tì káńsù lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn tó ń béèrè ẹ̀ ni àwọn agbaṣẹ́ṣe, àwọn yẹn ò pa ọjọ́ jẹ, ọ̀sẹ̀ kì í lọ kí wọ́n má yọjú sọ́fíìsì ẹ̀, wọ́n á jókòó, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n mọ orúkọ àwọn ọmọ ẹ̀. Nígbà tó wá fọwọ́ sí iṣẹ́ kan tí ò kan àdúgbò wa, ariwo sọ lórí WhatsApp, wọ́n ní a ò sọ bẹ́ẹ̀, ó ti jẹun lọ́wọ́ wọn, ó ti tà wá.

Mo lọ bá a lọ́jọ́ kan, bíi pé kí n lọ fi ìbínú hàn. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Akọ̀wé, nígbà tí mo wà níta, tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á wo ẹ̀yìn mi, wọ́n á rí èèyàn. Báyìí tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n ń wo ẹ̀yìn mi, ògiri ni wọ́n ń rí." Mi ò mọ ohun tí mo fi dá a lóhùn. Mo rò pé mo ní kó fún mi lómi.

Olóòtú, ohun tí mò ń wí nìyí. A máa ń bi ẹni tó wọlé léèrè pé kí ló dé tó yí padà, a kì í bi ara wa pé ta ló kọ́kọ́ yí padà. Òun ṣáà wà níbi tá a ní kó lọ. Ó lè yí padà lóòótọ́, owó máa ń yí èèyàn lórí, mi ò sọ pé ẹni mímọ́ ni wọ́n. Àmọ́ ẹni tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ni agbára ẹ̀, tẹ́ ẹ bá kó èèyàn kúrò lẹ́yìn ẹ̀, kí lẹ fẹ́ kó fi jà? Káńsẹ́lọ̀ kan, ohùn kan ló ní. Àwọn tó kù náà ní tiwọn.

Ní Barcelona, Ada Colau wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lọ́dún 2009 láti gbèjà àwọn tí báńkì ń lé kúrò nílé torí gbèsè, ọlọ́pàá gbé e lẹ́sẹ̀ gbé e lápá rí. Lọ́dún 2015 ó di méyọ̀ ìlú náà. Ẹ wá wò ó, nínú àga 41 tó wà ní káńsù ìlú yẹn, 11 péré ni tẹgbẹ́ ẹ̀, ó di dandan kó bá àwọn tó ń bá jà tẹ́lẹ̀ jókòó dúnàádúrà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó fi sílẹ̀ níta ò tú ká, wọ́n ṣì ń dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn àwọn tí wọ́n fẹ́ lé, méyọ̀ tó jẹ́ tiwọn tẹ́lẹ̀ náà ò sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ṣe é dé 2023. Èmi ò sọ pé gbogbo ohun tó ṣe ló dáa, àwọn ará ibẹ̀ ló mọ ìyẹn, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí, kí tinú máa ṣe tinú, kí tìta má sùn.

Àwọn kan ń sọ pé kí ajàfẹ́tọ̀ọ́ má dé ìdí òṣèlú rárá, kó má baà dọ̀tí. Èyí ò yé mi. Àga yẹn ò ní ṣófo, ẹnì kan máa jókòó síbẹ̀ dandan, ariwo títì kò sì lè kọ nọ́ńbà sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, ẹni tó wà nínú yàrá ló ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó mọ ìjà jà ló mọ ìjókòó, èyí náà wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn, ìta yẹn gan-an ló bá wọn mu, ẹ má tì wọ́n wọlé torí pé ẹ fẹ́ràn wọn, bá a ṣe ti ẹ̀gbọ́n wa. A ò fún un láyè ọdún kan kó lọ jókòó sẹ́yìn ìpàdé káńsù, kó wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kó mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ káńsù àtèyí tó jẹ́ tìpínlẹ̀, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ó jẹ́ ká mọ̀ pé oṣù mẹ́jọ àkọ́kọ́ lòun fi ń kọ́ èyí, nígbà tá a ti ń bú u. A ò tún yan alága tuntun rọ́pò ẹ̀, ìyẹn ló burú jù nínú gbogbo ẹ̀ lójú tèmi, a gbé alága wa lọ síbòmíì, a wá fi àga tiwa sílẹ̀ lófìfo. Ká ní a yan ẹlòmíì, kó tiẹ̀ jẹ́ ẹni tí ò fẹ́ràn ẹ̀ púpọ̀ pàápàá, tó ń lọ bá a lóṣù mẹ́ta mẹ́ta pé kí lẹ ṣe, kí ló kù, ẹ bá wa fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ kọ déètì síbẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ ò bá má rí bẹ́ẹ̀.

Ó lo sáà ẹ̀ tán, kò padà jáde. Ó ṣì ń gbé àdúgbò wa, a máa ń kíra, kì í sọ̀rọ̀ káńsù. Gọ́tà yẹn ti ń dí padà o, òjò tó rọ̀ kẹ́yìn, omi dé àtẹ̀gùn kejì nílé mi. Mo lọ bá a pé kí la máa ṣe báyìí. Kò bá mi wí, ó kàn wọ yàrá lọ, ó mú ìwé kékeré yẹn jáde, ọ̀rinrin ti mú etí ẹ̀, ó ní gbà, ojú ewé ṣì wà níbẹ̀.

Sátidé tó kọjá ni mo lọ kan ilẹ̀kùn àkọ́kọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣílẹ̀kùn wo ìwé ọwọ́ mi, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní bàbá, ṣé ẹ fẹ́ dupò ni?

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò kan